Fóòmù Tí Ilẹ̀ Lè Jẹ



Ẹ wo ẹ̀yìn ilé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe wòlímọ̀ tán. A ti jẹun, a ti ṣe àdúà, àlejò ti lọ. Ṣùgbọ́n àwo fóòmù funfun kún inú gọ́tà bámúbámú. Bí òjò bá dé, inú yàrá wa ni omi yóò yà sí. Ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe fóòmù náà, kì í sì í jẹrà bọ̀rọ̀. Nítorí irú ìyọnu yìí ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe kéde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 pé àwọn fi òfin dè é.

Fóòmù mìíràn wà tí ilẹ̀ lè jẹ. Ní 2007, Eben Bayer àti Gavin McIntyre dá ilé iṣẹ́ Ecovative sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà. Ohun tí àgbẹ̀ ń dà nù, bíi pòròpórò àgbàdo, ni wọ́n ń lò. Wọn á gé e wẹ́wẹ́, wọn á fi omi rin ín, wọn á wá po fọ́nrán olú mọ́ ọn, èyíinì ni òwú funfun tí ẹ máa ń rí lára igi tí ó ń rà kí olú tó yọ. Wọn á kó o sínú agbada tí ó ní ìrísí tí wọ́n fẹ́. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, fọ́nrán náà yóò ti so pàǹtí náà pọ̀ bí àtè. Wọn á wá fi ooru gbẹ ẹ́, kí olú má baà hù mọ́. Ó fúyẹ́, kì í sì í jẹ́ kí ọjà fọ́ lójú ọ̀nà. Dell ti fi di ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rí. Àwọn tí ń ṣe é sọ pé bí a bá fọ́ ọ sínú ilẹ̀, yóò di ajílẹ̀ láàrin nǹkan bí ọjọ́ 45.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì mí gbọ́ o: ọjà ni wọ́n ń fi í dì, kì í ṣe ìrẹsì. Ní ti oúnjẹ, àwọn ìyá wa àgbà ti mọ ewé eéran àti ewé gbódògì tipẹ́, àwo tí a lè fọ̀ sì wà nílé.

Ànábì wa kọ́ wa pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́. Ìwọ tí o fẹ́ ṣe sàráà lọ́sẹ̀ yìí, bi ara rẹ pé: lẹ́yìn àdúà, kí ni yóò kù sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò mi?

Kí Ọlọ́hun gba sàráà wa. Àmín.