Gìtá Olówó Gọbọi Kọ́ Ní Ń Ta Béèsì

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín àwa tí a ń ta gìtá béèsì káàkiri òde ìnáwó, ṣọ́ọ̀ṣì àti hòtẹ́ẹ̀lì nílẹ̀ Yorùbá, pé inú gìtá olówó gọbọi ni ohùn béèsì tó dáa wà. Wọ́n ní bí kò bá ti sí orúkọ Fender lórí gìtá rẹ, tí kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà gan-an, ọmọ iṣẹ́ ṣì ni ọ́. Wọ́n ní kápútéènì báńdì kì í pe ẹni tó bá gbé gìtá Ṣáínà kọ́rùn wá. Ìgbàgbọ́ yìí ló ń mú kí ọmọ tí kò tíì lè di orin kan mú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsáré kó gbogbo owó àjọ rẹ̀ fún oníṣòwò gìtá. Irọ́ gbáà ni. Màá sì sọ ìdí tó fi jẹ́ irọ́ ní gbangba, kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè rí ibi dì mú.

Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ yẹn, a sì máa ń sọ ọ́ sí oníṣekárími. Àfi bí a bá ti dé iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi gìtá kọ́ sára ògiri ni a kì í rántí rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń bá mi jiyàn ti máa ń kó ẹ̀rí wá. Ní ọdún 1951, ní ìlú Fullerton, ìpínlẹ̀ California, Leo Fender gbé béèsì rẹ̀ tó ń jẹ́ Precision Bass síta. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ni ọkùnrin yìí. Kò mọ gìtá ta. Ohun tó rí ni pé àwọn oníbéèsì ìgbà náà ń ru dọ́bù béèsì tó ga ju èèyàn lọ kiri, ó ń bá wọn fa wàhálà nínú ọkọ̀, bí ìlù àti gìtá oníná bá sì ti bú sókè, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ wọn mọ́. Ó wá gé pákó tí èèyàn lè gbé kọ́rùn, ó to irin sí ọrùn rẹ̀ kí ìka lè mọ ibi tí ohùn wà, ó sì fi sikúrúù mẹ́rin de ọrùn náà mọ́ ara rẹ̀ kí ó lè yá láti tú bí ó bá bàjẹ́. Nǹkan bí 200 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Irinṣẹ́ ni, fún òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Àwọn olówó tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ ló wá sọ èyí tó ti gbó nínú wọn di ohun tí owó rẹ̀ tó ra mọ́tò lónìí.

Ta ló sọ orúkọ náà di ńlá? Àwọn tó ta á ni. James Jamerson ló ta béèsì nínú ọ̀pọ̀ orin tí ilé-iṣẹ́ Motown ní Detroit fi gba ayé kan kí wọ́n tó kó lọ sí Los Angeles ní 1972. Ìka kan ṣoṣo, ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún, ló fi ń ta á. Okùn gìtá rẹ̀ nípọn, ó dán, ó sì ti dọ̀tí. Kì í pààrọ̀ wọn àfi bí ọ̀kan bá já. Wáyà gìtá rẹ̀ máa ń wọ inú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tààrà nínú yàrá kékeré tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ óò ní, “Ṣebí Fender náà ni.” Bẹ́ẹ̀ ni, Precision ti ọdún 1962 ni. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́dún kan náà. Àwọn yòókù dà? Nígbà tó kù díẹ̀ kí Jamerson kú ní 1983, wọ́n jí gìtá náà. Bí ó bá jẹ́ pé inú gìtá ni ohùn wà ni, olè yẹn ni ì bá máa jẹ́ James Jamerson. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ olè náà nínú orin kankan.

Paul McCartney ti ẹgbẹ́ Beatles ra béèsì Höfner rẹ̀ ní Hamburg ní 1961 ní nǹkan bí 30 pọ́n-ùn, nítorí pé owó Fender ga ju ohun tó wà lápò rẹ̀ lọ. Aston Barrett, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Family Man, ẹni tó ta béèsì fún Bob Marley, pláíwúùdù ló fi kan béèsì àkọ́kọ́ tó ní, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi kàn án. Jaco Pastorius, oníbéèsì Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀ fa gbogbo irin ọrùn béèsì Fender rẹ̀ tó ń jẹ́ Jazz Bass tu, ó wá fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi kun ọkọ̀ ojú omi bo ojú ibẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí gìtá olówó gọbọi lónìí, àwọn ará ilé rẹ̀ á máa béèrè ọkọ̀ tó ń lọ sí Aró.

Ká tilẹ̀ fi òkè òkun sílẹ̀. Àwọn bàbá wa ti ń gbọ́ béèsì kí wáyà iná tó wọ inú orin wa. Agídìgbo ni: àpótí igi tí wọ́n gbẹ́ ihò sójú rẹ̀, tí wọ́n to ahọ́n irin pẹlẹbẹ sí, tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀. Nínú àpàlà Haruna Ishola, agídìgbo ló ń rìn nísàlẹ̀ nígbà tí ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń sọ tiwọn lókè. Ní Kúbà, wọ́n ní èyí tó jọ ọ́, tó ń jẹ́ marímbula, àpótí tí ẹni tó ń ta á máa ń jókòó lé, òun ló sì ń ṣe béèsì fún àwọn ẹgbẹ́ orin son kí dọ́bù béèsì tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ tó kan àpótí yẹn. Ẹ tún wá gbọ́ àwọn orin tí Fẹlá ṣe láàárín 1970 sí 1979: béèsì á mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, á máa tún un sọ fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò ní sáré, kò ní fà sẹ́yìn, kò sì ní ṣe àṣehàn. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn olólùfẹ́ orúkọ kò fẹ́ gbọ́ rárá ni pé àwọn èrò òde kì í gbọ́ gìtá wa. Sípíkà ni wọ́n ń gbọ́. Okùn tó nípọn jù lórí béèsì olókùn mẹ́rin máa ń gbọ̀n nígbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti olókùn márùn-ún, èyí tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ràn jù, jẹ́ nǹkan bí 31. Ohùn tó wà nísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ kó tó dé etí, sípíkà kékeré kò sì lè tì í. Àwọn ohùn òkè tó ń bá a rìn nìkan ló ń jáde níbẹ̀; ọpọlọ wa ló ń fi ti ìsàlẹ̀ kún un fúnra rẹ̀. Gìtá tó bá wù kí ẹ so mọ́ irú sípíkà bẹ́ẹ̀, ohun kan náà ló máa bì jáde. Àwọn kan á ní kí a kúkú ra ámúpù tó lágbára sí i. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: bí ẹ bá sọ 100 wáàtì di 200, díẹ̀ báyìí ni etí máa mọ̀ pé ó fi lọ sókè. Ó tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá agbára náà kí etí tó gbà pé ariwo di ìlọ́po méjì. Ibi tí sípíkà wà, bí ó ṣe tóbi tó, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ìpohùnpọ̀ àti bí etí rẹ̀ ṣe mú tó, àwọn wọ̀nyí ló ń pinnu ohùn béèsì lábẹ́ kánópì.

Iná tún ń kọ́? Jẹnẹrétọ̀ ni a fi ń ṣeré, wáyà ìnáwó sì máa ń lọ́ mọ́ra wọn kọjá àpèjúwe. Ohùn “hùùùn” tó máa ń wọ inú sípíkà nígbà míì, ọ̀nà tí iná gbà wọlẹ̀ ló ń fà á. Àpótí DI kékeré kan, èyí tí a fi ń so gìtá mọ́ ẹ̀rọ ìpohùnpọ̀, tó ní bọ́tìnì tí a fi ń já ọ̀nà náà lè mú un kúrò lójú ẹsẹ̀. Gìtá mílíọ̀nù kan kò lè ṣe é. Bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn gìtá olówó gọbọi ló ń jẹ bátìrì. Bí bátìrì náà bá kú láàárín òru, tí ìyàwó ọlọ́jọ́ ìbí sì ń jó lọ́wọ́, gìtá yẹn di pákó.

Wọ́n á ní iyì ni ọ̀gá ń wò. Mo ti bá àwọn kápútéènì tó pọ̀ ṣiṣẹ́, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ọ̀gá olórin kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fẹ́ yí orin padà. Alága ìnáwó á dìde, á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ owó mọ́ ọ̀gá níwájú orí, ẹnì kan á sọ orúkọ bàbá alága sí ọ̀gá létí, ọ̀gá á sì já orin tó ń kọ jù sílẹ̀, á bọ́ sínú oríkì, ohùn ti kúrò níbi tó wà, ìyáàlù ti gbá tẹ̀lé e. Láàárín gìrìgìrì yẹn ni oníbéèsì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí dò bọ́ sí. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kì í ṣe òun nìkan ló ṣubú. Gbogbo báńdì ló ṣubú, ẹni tó ń náwó á sì padà sórí ìjókòó rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá kan á wá jẹ́rìí, á gbé orin láti ibi tó wù ú, nígbà míì láàárín kọ́kọ́rọ́ dùùrù méjì, a ó sì máa wá a kiri bí ìjọ ṣe ń pàtẹ́wọ́. Orúkọ ara gìtá kì í dá sí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Etí ló ń dá sí i, àti ọwọ́ tó ti bá onílù ṣe ìdánrawò títí ẹsẹ̀ ìlù àti béèsì fi di ohun kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí kápútéènì ń wò ni ẹni tó tètè dé, tó bá wọn já ẹrù látinú ọkọ̀, tí kò mutí yó kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí kò bá wọn jà nígbà tí oúnjẹ pẹ́ dé. (Oúnjẹ àwa olórin máa ń pẹ́ dé. Ìyẹn nílò ìwé-pẹlẹbẹ tirẹ̀.)

Mi ò sọ pé gbogbo gìtá ló dọ́gba o. Èyí tí ọrùn rẹ̀ ti lọ́ bí ejò, tí okùn rẹ̀ ń tú kí orin tó parí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Olókùn márùn-ún mìíràn wà tó jẹ́ pé okùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń dẹ̀, kò ní pariwo kankan ju “bùù” lọ. Ẹni tó bá ń ta béèsì ní sítúdíò lójoojúmọ́, tí owó rẹ̀ tó o, kó ra ohun tó wù ú. Àwọn tó ń yáwó ni mò ń bá wí. Gìtá tó le, tí ọrùn rẹ̀ tọ́, tí ohùn rẹ̀ péye láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wà nínú àwọn àlòkù àti nínú àwọn tí Ṣáínà àti Indonéṣíà ń ṣe, ní ìdá kékeré owó tí wọ́n ń dá yín lóró lé lórí.

Ibo ni kí owó wá lọ? Sí ọwọ́ ẹni tó mọ gìtá tún ṣe, lákọ̀ọ́kọ́. Òjò máa ń mú igi wú, ọyẹ́ máa ń mú un sún kì, ọrùn gìtá sì máa ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn pẹ̀lú wọn. Irin kan wà nínú ọrùn náà tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ kékeré yí láti tún un tọ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, gìtá tí a ti ń bú fún oṣù mẹ́fà á sì di tuntun. Okùn tuntun tẹ̀lé e, tàbí okùn àtijọ́ tó dán bí ti Jamerson, bí orin tí ẹ ń ta bá ṣe fẹ́. Wáyà tó dáa méjì, kí ọ̀kan lè dúró de èkejì. Àpótí DI tiyín, kí ẹ má baà máa yá ti ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ìpohùnpọ̀. Ìgbékọ́ tó fẹ̀, nítorí gìtá tó wúwo tó kílò mẹ́rin kì í ṣe ohun tí èjìká ń fi tayín láti alẹ́ di ìdájí. Àti ohun tí a fi ń dí etí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ìlù ni àwa máa ń dúró sí. Àwọn irun wínníwínní inú etí tí ariwo bá pa kì í hù padà mọ́, oníbéèsì tí kò bá sì gbọ́ dò, iṣẹ́ bùṣe.

Ẹ̀yin kápútéènì báńdì àti ẹ̀yin adarí akọrin, ẹ̀yin lẹ ń fún ìgbàgbọ́ yìí lóúnjẹ, nítorí ojú yín ni àwọn ọmọ yìí ń wò. Bí wọ́n bá wá dán ara wọn wò lọ́dọ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n gbé gìtá wọn sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ gbé ògbólógbòó gìtá báńdì lé olúkúlùkù lọ́wọ́, kí ẹ kẹ́yìn sí wọn. Ẹ ní kí wọ́n di orin kan mú fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì yí i padà lójijì mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá jábọ́, ẹ gbà á síṣẹ́ lọ́jọ́ náà.