Ẹ̀mí Gígùn Bàbá Kì Í Ṣe Oògùn Ọkàn Ọmọ

Níbi òkú àgbà ni ẹ ó ti gbọ́ ọ. Ọmọ olóòkú á ki ọwọ́ bọ abọ́, á yọ ẹran tí ọ̀rá rẹ̀ funfun báláú, á ní: "Bàbá wa jẹ ẹ́ títí wọ́n fi lé ní 90 ọdún. Àìsàn ọkàn ò sí nínú ìran tiwa." Ọ̀rọ̀ yìí ń pa èèyàn.

Lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ tí a jogún lè dáàbò bo ọkàn. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ wa ní ohun kan bí ìkọ́, òun ló fi ń fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀rá kan, kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní PCSK9 ló ń pèsè èròjà tó ń ba ìkọ́ náà jẹ́. Ẹni tí jíìnì yìí bá kú lára rẹ̀, ìkọ́ rẹ̀ á pọ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì dínkù. Ní 2006, Jonathan Cohen àti Helen Hobbs ní Dallas, Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, kéde ohun tí wọ́n rí lára aláwọ̀ dúdú 3,363 tí wọ́n ṣọ́ fún ọdún 15. Àwọn 85 ló ní jíìnì tó kú yìí. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni àìsàn ọkàn mú.

Ṣùgbọ́n 85 péré ni! Àwọn 3,278 yòókù náà ní bàbá àti ìyá, nǹkan bí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni àìsàn ọkàn sì mú.

Ká tiẹ̀ ní bàbá yín ní jíìnì tó kú yẹn. Méjì-méjì ni jíìnì wà lára wa, ẹyọ kan ni bàbá ń fún ọmọ. Táíwò lè gba èyí tó kú, kí Kẹ́hìndé tí kò jọ ọ́ gba èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò hàn lójú, kò sì sí nínú oríkì.

Ẹ̀jẹ̀ ríru, tí òun náà ń ba ọkàn jẹ́, ńkọ́? Jíìnì yẹn kì í dá a dúró. Nínú ìwádìí tí Richard Cooper àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1997, 16 nínú 100 àgbàlagbà ló ní in ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Láàárín aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, 33 ni. Ìran kan náà tí òkun pín níyà! Oúnjẹ àti ìgbé-ayé ló yàtọ̀. Bàbá yín fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, ó sì fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Ẹ̀yin ń gun ọ̀kadà lọ sí òpin àdúgbò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín wò.