Ìwọ Tí O Mọ Ìwé Kà, Ta Ni Ìwọ Kọ́?

Ìwọ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ, bí inú rẹ kò tilẹ̀ ní dùn sí i. Nígbà tí agogo ìparí bá lù lọ́sàn-án, tí o sì ń gba Ọgbà kọjá lọ sílé, ìwọ a máa rí àwọn ọmọ kéékèèké nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wọn, tí wọ́n ń rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, pẹ̀lú àpò ìwé tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo jù wọ́n lọ. Pe ọ̀kan nínú wọn. Ní kí ó ka ojú ewé kan fún ọ. Ó lè kà á geerege bí omi tí ń ṣàn. Nísinsìnyí, fi ọwọ́ bo àwòrán tí ó wà níbẹ̀, kí o sì tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láàrin gbólóhùn. Bí ó bá dákẹ́, tí ó ń wo ojú rẹ dípò kí ó wo ìwé, a jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n kà. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ó sì há a sórí.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún 2023, àjọ UNICEF sọ pé bí a bá kó ọmọ mẹ́rin jọ ní Nàìjíríà, láti ọmọ ọdún 7 títí dé 14, nǹkan bí mẹ́ta nínú wọn ni kò lè ka gbólóhùn tí kò le tàbí kí wọ́n ṣe ìṣirò kékeré.

Ìwọ yóò dáhùn pé iṣẹ́ ìjọba ni èyí, àti ti àwọn olùkọ́. Mo gbọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ìkẹjà àti Agége wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún kan ṣoṣo yẹn, àwọn ọmọ tí ó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 800,000. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìjọba ni ó lè ṣílẹ̀kùn kíláàsì. Ìjọba kò lè jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ó máa tẹ́tí sí i bí ó ti ń kàwé. Bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ọmọ 50 bá wà ní kíláàsì kan, tí olùkọ́ sì fẹ́ gbọ́ ìwé kíkà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún ìṣẹ́jú 5 péré, wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 10 ni yóò gbà á. Ọjọ́ ti lọ nìyẹn, kò sì tíì kọ́ wọn ní nǹkan kan. Àwọn òbí ńkọ́? Bàbá wà nídìí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, ó sì lè jẹ́ òru ni iṣẹ́ tirẹ̀ bọ́ sí. Ìyá wà lọ́jà. Ta ni ó kù tí ó mọ̀wé, tí ó sì ní àyè lọ́sàn-án? Ìwọ ni.

O ní ìwọ kì í ṣe olùkọ́. Láàrin ọdún 2010 sí 2013, ní ilẹ̀ Gáná, a kó àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama jọ, a kọ́ wọn fún ìgbà díẹ̀, a sì rán wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ran àwọn ọmọ tí wọ́n rẹ̀yìn lọ́wọ́. Nígbà tí a dán àwọn ọmọ náà wò, wọ́n mọ̀wé kà ju àwọn tí kò rí olùrànlọ́wọ́ lọ. (Lóòótọ́, àwọn ọ̀dọ́ náà ń gba owó díẹ̀, ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ó ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà.) O tún ní ọmọdé ni ọ́. Ní ilẹ̀ Kúbà, ní ọdún 1961, nǹkan bí 100,000 ọ̀dọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, fi ilé sílẹ̀ lọ sí oko àti orí òkè láti kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé. Àwọn àgbàlagbà tí ó mọ̀wé kà lọ́dún náà lé ní 700,000. A kò ní kí ìwọ gun òkè; ilé ẹ̀kọ́ tí mo ń wí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ sí tìrẹ.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí wọn á pín ìwé ìkọ̀wé àti bisikíìtì, tí wọn á ya fọ́tò, tí wọn á sì lọ. Mo bínú sí wọn ju ẹni tí kò wá rárá lọ, nítorí wọ́n sọ fún ọmọdé pé àwọn ń padà bọ̀, ó sì gbà wọ́n gbọ́. Bí o kò bá lè wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí sáà yóò fi parí, dúró sílé rẹ.

Bí o bá sì wá, má ṣe fi Gẹ̀ẹ́sì dẹ́rù bà wọ́n. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tilẹ̀ ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ. Kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tí ń sọ Yorùbá, kí o sì jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ pè wọ́n. Yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti mọ̀ wọ́n kí ó tó rí wọn. Àmì orí wọn nìkan ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀. Ṣùgbọ́n Ọgbà kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Bí Ìgbò tàbí Ẹ̀gùn ni ọmọ náà fi ń ṣeré, tí ìwọ kò sì gbọ́ ọ, wá ẹlẹgbẹ́ rẹ tí ó gbọ́ ọ.

Lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà kí o tó bá ọmọ kankan sọ̀rọ̀. Jókòó sí gbangba, níbi tí olùkọ́ ti lè máa rí yín. Ọmọ kan ṣoṣo, ààbọ̀ wákàtí, láìsí pàṣán àti ẹ̀fẹ̀. Má mú ìdánwò ṣe àwáwí, nítorí wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ni mo ń bèèrè, èyí tí o ń fi wo bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé pọ̀ jù ú lọ. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni mo rò pé ó dára. Bí Ọjọ́rú bá sì ni olùkọ́ wọn fẹ́, Ọjọ́rú ni kí o lọ.