Èwo Ni Inú Ń Run Nínú Wọn?

Gbogbo aláǹgbá ló d'anú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹni tó bá ń pa ìnira mọ́ra la sábà máa ń pa òwe yìí fún. Èmi fẹ́ lò ó fún òṣèlú Amẹ́ríkà, nítorí Washington ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìlú tó jẹ́ pé nínú 100 ènìyàn tó dìbò lọ́dún 2020, 5 àti díẹ̀ péré ló dìbò fún Trump.

Kọnsáfétífù ni mí láàárín àwọn líbẹ́rà. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Lọ́dọ̀ tèmi, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ìyá àti bàbá ló ni ọmọ kí ìjọba tó ní i, pé owó orí tó bá wúwo jù a máa dá ẹni tó fẹ́ ṣòwò lọ́wọ́ kọ́, àti pé ògiri tí a bá nílẹ̀, ká bèèrè ìdí tí wọ́n fi mọ ọ́n ká tó wó o. Síbẹ̀, bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tí Awólọ́wọ̀ fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbé wọ ilé ìwé ní ọdún 1955. Owó orí àwọn ẹlòmíràn àti owó kòkó ló sọ ọ́ di tíṣà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń yọ mí lẹ́nu. Inú tèmi tó ń run mí nìyẹn, ṣùgbọ́n ta ni yóò bi mí?

Níbi tí a ti ń jẹun ọ̀sán, wọn kì í bèèrè. Wọn a ní olówó ni gbogbo àwọn Republican, ẹgbẹ́ àwa kọnsáfétífù, wọn a ní wọn ò fẹ́ rí àlejò, wọn ò kàwé. Èmi a máa mi orí. Aláǹgbá náà máa ń mi orí, kò sì sẹ́ni tó bi í rí bóyá ó gbà ni àbí ọrùn ló ń dùn ún. Àwọn ará ibiṣẹ́ mi gbà pé mo gbà.

Àwọn onímọ̀ méjì kan, Ahler àti Sood, gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2018. Wọ́n ní kí àwọn ará Amẹ́ríkà fojú díwọ̀n iye Republican tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún ju 250,000 dọ́là lọ. Àwọn tí wọ́n bi ní yóò tó 38 nínú 100. Méjì péré ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, torí wọ́n ní 32 nínú 100 Democrat, ẹgbẹ́ àwọn líbẹ́rà, ni yóò jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti irú wọn, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́fà ni. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ gan-an náà ṣi ara wọn díwọ̀n. Aláǹgbá ò mọ inú aláǹgbá ẹgbẹ́ ẹ̀.

Kì í ṣe àwọn òyìnbó nìkan. Nígbà tí Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá, di olórí ẹgbẹ́ Conservative ní Ìlú Ọba lọ́dún 2024, ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé Peckham pè mí pé irú ọmọ Yorùbá wo ló ń bá àwọn yẹn ṣe. Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ò gbọdọ̀ jáde nílé láìkúnlẹ̀ kí i.

Ìdáhùn tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lẹ́nu ni, "Èmi ò sí lára wọn." Mo ti lò ó rí. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé kọnsáfétífù ni mí o, àmọ́ mi ò rí bí àwọn ará oko yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn mọ̀ pé mo yàtọ̀, ẹnì kan sì ra kọfí fún mi. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo wà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kó tó yé mi pé mo ti ta èèyàn. Nọ́ọ̀sì kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, iṣẹ́ òru ló ń ṣe, nítorí ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ nìkan ló sì ṣe ń dìbò bó ṣe ń dìbò. Òun náà ni mo pè ní ará oko. Mo yọ ara mi nínú àwòrán tí wọ́n yà, mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé àwòrán náà kọ́ sára ògiri.

Adájọ́ Scalia, kọnsáfétífù nílé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà ayé wọn, òun àti Adájọ́ Ginsburg tó jẹ́ líbẹ́rà kì í sábà fohùn ṣọ̀kan lórí ẹjọ́ ńlá, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ni wọ́n, wọ́n tilẹ̀ jọ gun erin ní Íńdíà. Lọ́dún 1996, tí Ginsburg ń kọ ìdájọ́ pé kí ilé ẹ̀kọ́ ológun kan ní Virginia ṣílẹ̀kùn fún obìnrin, Scalia nìkan ló takò ó. Ó tètè fún un ní ohun tó kọ kí ó lè rí àyè fèsì. Ginsburg ní ìwé náà ba ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ òun jẹ́, ṣùgbọ́n ó mú kí ìdájọ́ òun dára sí i. Méje sí ọ̀kan ni Scalia fi pàdánù. Kò fi pamọ́ pé Scalia ni òun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tún bẹ̀rẹ̀, mi ò mi orí. Mo ní, "Mo wà lára àwọn tí ẹ̀ ń sọ yẹn. Ẹ bi mí." Gbogbo wọn dákẹ́. Obìnrin tó sábà máa ń sọ̀rọ̀ jù ló bi mí. Mo sọ ti bàbá mi àti ọdún 1955 fún un. Ó ní kí ló wá dé tí mi ò ṣe líbẹ́rà nígbà náà? Mi ò rí èsì kíá, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Ó fi ṣíbí ro oúnjẹ rẹ̀ títí. Ó ní bàbá òun ń dá oko àgbàdo ní Ohio, bí mo ṣe ń dìbò ni bàbá náà ṣe ń dìbò, àwọn ò sì tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún 2016. Ó bi mí pé bí òun bá pè é, kí lòun fẹ́ sọ.

Mo ní kó bi í bí àgbàdo ṣe ń ṣe sí.