Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí sípíkà bá ń kùn hùn-ùn bí oyin, ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ jù ni pé: "Gé ẹsẹ̀ gígùn orí pílọ́ọ̀gì yẹn kúrò." A kò fara mọ́ ọn rárá. Ẹsẹ̀ yẹn ni wáyà ilẹ̀ gbà wọnú ẹ̀rọ. Bí iná bá jò sára irin ẹ̀rọ, wáyà yẹn ló ń gbé e lọ kí fíúsì tàbí bírékà lè já. Bí ẹ bá gé e, ara yín ni iná yóò wá gbà kọjá. Iná 230 volt kì í ṣe ohun àfiṣeré.

Kí ló wá ń fa kíkùn náà? Lọ́pọ̀ ìgbà, kọ̀ǹpútà wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, áńpù wà ní òmíràn, okùn orin sì so wọ́n pọ̀. Ọ̀nà tó lọ sílẹ̀ di méjì, iná wá ń yí po láàárín wọn. Ẹ kó méjèèjì sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kan áńpù, kí ó so gbogbo wáyà ilẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀ sójú kan, mọ́ ara irin rẹ̀. Bí ilé kò bá sì ní ọ̀pá bàbà nínú ilẹ̀, ẹ ní kí onílé pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́.

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá mọ iyì ohùn. Gángan tí kíkùn bò mọ́lẹ̀, ta ni yóò mọ ohun tó ń wí? Ṣùgbọ́n alààyè ló ń gbọ́ ìlù.