Ṣé Ọkọ̀ Bọ̀gìnnì Ni Yóò Fún Ẹgbẹ́ Wa Ní Iyì?

 

Gbogbo ẹni tí ó wá sí ìpàdé gbogbogbò wa tí ó kọjá ni ó gbọ́ àbá tí àwọn kan mú wá, wí pé kí á ta bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́, kí á fi owó rẹ̀ kún èyí tí ó wà ní báńkì, kí á sì fi ra jíìpù tòkúnbọ̀ kan tí ó jọjú. Ariwo sọ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ kò sì yanjú. Ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ ni a ó dìbò sí i. Nítorí náà ni a ṣe ní kí á tètè sọ èrò tiwa nínú ìwé yìí, kí oníkálukú lè rò ó dáadáa nílé kí ó tó na ọwọ́ sókè.

Kí á má parọ́, àwọn tí ó mú àbá náà wá kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Ẹ rántí ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì wa ń ti Ṣakí bọ̀ pẹ̀lú ẹrù èlùbọ́. Ní oríta kan, wọ́n dá a dúró fún wákàtí kan ó lé. Wọ́n ní kí awakọ̀ kó ìwé wá, ó kó o wá. Wọ́n tún ní kí ó sọ ẹrù kalẹ̀. Ibi tí ó ti ń bẹ̀bẹ̀ ni jíìpù dúdú kan ti yọ lójijì, tí ó gba apá ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ó dá tiwa dúró yìí náà ni ó sáré lọ dá àwọn ọkọ̀ yòókù dúró kí jíìpù lè ráyè kọjá, ó sì tún gbé ọwọ́ sókè kí i bí ọmọ ogun. Ìyá kan nínú wa tí ó wà nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà ni ó dìde nípàdé tí ó ní, "Ẹ̀yin ará, aṣọ là ń kí kí á tó kí èèyàn. Ẹ jẹ́ kí àwa náà lọ ra aṣọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn, a sì pàtẹ́wọ́ fún màmá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wò ó síwá sẹ́yìn.

Òótọ́ ni pé mọ́tò ni a ń bọ̀wọ̀ fún lójú títì, kì í ṣe ẹni tí ó ń wà á. Onídánfó tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni, tí ó lè fi bọ́ńpà rẹ̀ họ ara onímọ́tò kékeré kó má sì wẹ̀yìn, bí ó bá rí Mẹ̀sí tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á rọra fà sẹ́yìn bí ọkọ ìyàwó tó rí àna. Ọlọ́kadà á yà. Onímárúwá á dúró. Agbèrò á máa pariwo, "Alága wa! Ẹ̀yin lẹ lowó o!" Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ògbólógbòó ọkọ̀ ni a wà nínú rẹ̀, tí iná ojú pópó ti ní kí á máa lọ, tí ẹ́ńjìnnì kọ̀ tí kò tètè gbéra, kí á tó ṣẹ́jú péú, họ́ọ̀nù ti gba gbogbo ẹ̀yìn, èébú sì ti dé orí ìyá ẹni.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1968, àwọn onímọ̀ méjì kan, Doob àti Gross, tẹ ìwé jáde lórí àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mú ọkọ̀ ńlá olówó iyebíye kan, wọ́n sì mú ògbólógbòó ọkọ̀. Wọ́n á gbé e dúró níwájú iná ojú pópó, bí iná bá ti ní kí ó máa lọ, awakọ̀ wọn á kọ̀, kò ní lọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tí ó wà lẹ́yìn tètè ń tẹ họ́ọ̀nù fún ògbólógbòó ọkọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń ní sùúrù fún ọkọ̀ ńlá. Èyí tí ó wá pa wá lẹ́rìn-ín jù ni pé nígbà tí wọ́n bi àwọn ọkùnrin kan léèrè lórí ìwé, ohun tí wọ́n ní àwọn á ṣe ni pé àwọn á tètè tẹ họ́ọ̀nù fún ọkọ̀ ńlá ju ti kékeré lọ! Ẹnu ni akin wà. Ní Kẹ́ńyà àti Tanzania pẹ̀lú, lẹ́yìn tí wọ́n gba òmìnira, àwọn èèyàn fún àwọn ọ̀gá ńláńlá ní orúkọ, wọ́n ń pè wọ́n ní Wabenzi, bí ẹni pé ẹ̀yà kan ni wọ́n tí Mercedes-Benz jẹ́ ìlà ojú wọn.

Ó wá yẹ kí á bi ara wa: irú iyì wo ni iyì yìí? Lójú tiwa, ìbẹ̀rù ni, kì í ṣe ọ̀wọ̀. Onídánfó ń yà nítorí ó mọ̀ pé iná iwájú jíìpù kan lè gbé gbogbo owó oṣù mẹ́ta lọ. Ẹni tí ó wà ní oríta ń yà nítorí kò mọ ẹni tí ó wà lẹ́yìn gíláàsì dúdú, ó lè jẹ́ ọ̀gá ọ̀gá rẹ̀. Agbèrò ń kí i nítorí ó ń retí nǹkan. Bí wọ́n bá sì ti mọ̀ pé jíìpù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, tí èlùbọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rù ti tán nìyẹn, àwọn tó ń kí i á tún gbàgbé rẹ̀.

Iyì ọkọ̀ kì í sì í pẹ́. Ẹ̀yin àgbà inú wa, ẹ rántí nǹkan bí ọdún 1975, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, tí owó Udoji bọ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́, tí Peugeot 504 sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Kàdúná. Ẹni tí ó bá ra 504 nígbà náà ti di ọ̀gá ládùúgbò. Ẹni tí ó bá gun Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ ti di ọba lójú pópó. Lónìí, ta ni ó ń yà fún 504? Àwọn ọmọdé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni jíìpù tí a bá rà lọ́dún yìí yóò ṣe di àlòkù lójú ayé, gbèsè rẹ̀ yóò sì máa wò wá lójú.

Ìdí kejì tí ẹ̀rù fi ń bà wá wà lọ́wọ́ ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ má bínú sí wa o. Bí oníjíìpù bá sọ̀ kalẹ̀ níwájú ìsọ̀ yín, ṣé iye tí ẹ ń pe ata fún ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn wá ni ẹ máa pè fún un? A jọ ń rẹ́rìn-ín, a mọ ìdáhùn. Mẹkáníìkì náà kì í dá a sí. Ẹni tí ń lẹ táyà kì í dá a sí. Ẹni tí ó ń ya ọ̀nà fún un náà kọ́ ló fẹ́ràn rẹ̀, àwọn mìíràn á ti fi ìṣó fa ilà sí ara ọkọ̀ náà kí ó tó padà dé ibi tí ó gbé e sí, wọ́n á ní owó ìlú ni ó fi rà á, bẹ́ẹ̀ òun lè jẹ́ ẹni tí ó fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ kó tó rà á. Ǹjẹ́ bí àwa bá gun jíìpù wọ ọjà Ṣakí láti lọ ra èlùbọ́ ọgọ́rùn-ún àpò, ẹ rò pé iye tí wọ́n ń tà á fún wa tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n máa tà á? Orí àpò kọ̀ọ̀kan ni owó jíìpù máa gbà jáde, ẹ̀yin náà ni yóò sì san án.

Ẹnìkan sọ nípàdé pé bí a bá gbé ọkọ̀ ńlá dé, àwọn olówó ọjà á gbà wá gbọ́, wọ́n á fún wa lọ́jà àwìn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fún wa lájà àwìn nítorí jíìpù yóò wá béèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ ìwé ẹgbẹ́, kì í ṣe lọ́wọ́ jíìpù. Ìwé wa tí ó mọ́ ni ó ti ń gba àwìn fún wa láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹ jẹ́ kí á fi owó sọ ọ́ wàyí. Jíìpù tí wọ́n fi hàn wá jẹ́ mílíọ̀nù 16 náírà. Bí bọ́ọ̀sì wa bá tà dáadáa, a lè rí mílíọ̀nù 4. Ó ku mílíọ̀nù 12 tí a ó mú nínú owó ìfowópamọ́ yín. Mílíọ̀nù 12 yìí náà ni a lè yá ọgọ́ta ọmọ ẹgbẹ́ ní 200,000 náírà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́ta ìsọ̀ ni a fẹ́ fi ṣe ìjókòó ènìyàn márùn-ún. Èyí tún yọ owó epo sílẹ̀. Gbogbo wa rí bí epo ṣe fò láti nǹkan bí 185 náírà lítà kan sí nǹkan bí 500 lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ó sì ti kọjá 1,000 náírà kí ọdún 2024 tó parí. Jíìpù kì í fi epo ṣeré.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó ń dùn wá. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, tí a kò ní dárúkọ, fi dánfó rẹ̀ kan iná iwájú ọkọ̀ bọ̀gìnnì kan. Òun náà gbà pé òun jẹ̀bi. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, wọ́n ní kí ó kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà nínú oòrùn, níṣojú àwọn èrò inú ọkọ̀ rẹ̀, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin. Lọ́jọ́ kejì ó wá bá wa ní ọ́fíìsì, ó yá 180,000 náírà. Owó tí ó fẹ́ fi tún ẹ́ńjìnnì ṣe ni ó fi ra iná fún olówó. Bẹ́ẹ̀ ó ní ìwé adójútòfò! Ẹ̀bá ọ̀nà ni ó ti rà á, ayédèrú ni. Òfin ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo onímọ́tò ní ìwé adójútòfò tí ó kéré jù, èyí tí yóò san ohun tí ó bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, 15,000 náírà ni ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a ń lò nílé, ó sì lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà fún ohun ìní ẹni tí a kọ lù. Ti ọkọ̀ ìṣòwò ní iye tirẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ wa, ẹ má fi èyí ṣeré. Ẹ lọ rà á ní ilé iṣẹ́ adójútòfò gan-an, kí ẹ gba rìsíìtì. Ìwé tí ó pé ni kò ní jẹ́ kí ẹ kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Kí a tó dákẹ́, ẹ jẹ́ kí á rántí ẹnìkan. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976, nígbà tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní Ìkòyí ní Èkó, inú Mercedes dúdú ni ó wà, inú gòsìló ni wọ́n sì ti ká a mọ́. Olórí orílẹ̀-èdè ni, kò sì sí ọ̀wọ́ mọ́tò tí ń fun fèrè níwájú rẹ̀ láti lé àwọn ènìyàn kúrò lọ́nà. Ọkọ̀ náà pẹ̀lú ihò ọta ìbọn lára rẹ̀ ni wọ́n gbé sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn. A kò sọ pé ó dára kí olórí ìlú má ní ẹ̀ṣọ́, ikú rẹ̀ dun gbogbo wa. Ohun tí a ń sọ ni pé ìyà tí ó ń jẹ mẹ̀kúnnù lójú títì lọ́jọ́ náà jẹ òun náà, àwọn ènìyàn kò sì gbàgbé rẹ̀ di òní. Kì í ṣe Mercedes ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀.

Nítorí náà, èyí ni àbá tiwa. Kí á má ta bọ́ọ̀sì. Kí á tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, kí á kùn ún ní ọ̀dà tuntun, kí á kọ orúkọ ẹgbẹ́ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí gbogbo ìwé rẹ̀ sì pé. Bí wọ́n bá tún dá a dúró láìnídìí, kí awakọ̀ kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ́ yóò kọ ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá wọn. Ìwé tí irinwó ènìyàn fọwọ́ sí lẹ́nu ju jíìpù kan lọ.

Sí ẹ̀yin awakọ̀ inú wa, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ẹ jẹ́ kí onímọ́tò kékeré náà rí ọ̀nà kọjá bí ẹ ti ń jẹ́ kí oníjíìpù kọjá, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí lè wà nínú rẹ̀.

Màmá wa tí ó sọ̀rọ̀ aṣọ, a dọ̀bálẹ̀ fún yín. Òótọ́ lẹ sọ, aṣọ là ń kí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ẹni tí ó yá aṣọ wọ̀ kì í jó délẹ̀. Ẹ wá sí ìpàdé, kí ẹ wá dìbò. Bí ìbò bá gbé jíìpù, àwa náà la máa kọ ọ́ sínú ìwé láìbínú. Ire o.