Rédíò Kò Ríran Kọjá Àpáta

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó oṣù, ṣùgbọ́n ó kan ẹ̀mí wa, ó sì kan oúnjẹ ẹnu wa.

Awakọ̀ kan nínú wa gbé kòkó jáde ní Ìdànrè nírọ̀lẹ́. Táyà rẹ̀ bẹ́ nínú kòtò, níbi tí àpáta gbé ga lọ́tùn-ún lósì. Ó pe ọ́fíìsì lórí wókítókì rẹ̀ títí, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Àwọn ọ̀gá náà pè é, wọn kò gbọ́ ọ. Nígbà tí ó délé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé kúẹ́rì ni wọ́n fi kí i káàbọ̀: wọ́n ní ó pa rédíò rẹ̀. Kò pa á. Rédíò náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò rí òpó kankan dì mú.

Ó yẹ kí gbogbo wa mọ bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣe é. Láyé rédíò àtijọ́, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń yí i sí ìkànnì mìíràn nígbà tí ohùn bá ń rẹlẹ̀. Rédíò díjítà òde òní, irú èyí tí ó ń lo ìlànà DMR tí àjọ ETSI ní Yúróòpù gbé jáde ní 2005, lè ṣe é fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òpó kọ̀ọ̀kan ní agbègbè tí ohùn rẹ̀ dé. Rédíò ní orúkọ àwọn òpó aládùúgbò nínú, ó sì ń wọn agbára ohùn èyí tí ó wà lórí rẹ̀. Bí ohùn náà bá rẹlẹ̀ kọjá ààlà tí wọ́n fi sí i, yóò dẹtí sí àwọn yòókù. Bí ó bá rí èyí tí ohùn rẹ̀ dára jù, yóò fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, yóò sì kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀. Níbi tí ètò náà bá pé, yóò fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òpó tuntun, yóò sì sọ ẹgbẹ́ tí ó ń bá sọ̀rọ̀, kí ìpè àwọn ẹlẹgbẹ́ lè bá a níbẹ̀.

Fóònù GSM tí ó dé orílẹ̀-èdè wa ní 2001 ń ṣe ohun tí ó jọ èyí, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí GSM, fóònù a máa ròyìn ohun tí ó ń gbọ́ bíi ẹ̀ẹ̀mejì láàrín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ilé-iṣẹ́ fóònù ni yóò sì pinnu òpó tí yóò gbé e lọ. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò iṣẹ́, rédíò fúnra rẹ̀ ló ń pinnu, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í kúrò lórí òpó nígbà tí a bá ṣì tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ sọ̀rọ̀ ní kúkúrú, kí ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ má ti rédíò mọ́ orí òpó kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n awakọ̀ nìkan kò tó. Rédíò kò lè bọ́ sí orí òpó tí kò sí. Ìgbì rédíò wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lọ tààrà bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, àpáta Ìdànrè sì ń dá a padà. Nígbà mìíràn, rédíò á rọ̀ mọ́ òpó tó jìnnà nítorí pé wọ́n fi ààlà rẹ̀ sí ibi tí kò yẹ. Nígbà mìíràn, yóò dé orí òpó tuntun, kò sì ní gbọ́ ẹnì kan, nítorí pé wọn kò fi ẹgbẹ́ tirẹ̀ síbẹ̀. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ẹ̀bi awakọ̀ nínú gbogbo wọn.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ nìyí. Èkíní, kí wọ́n gbé rédíò gba gbogbo ọ̀nà tí a ń ná, láti Odòde dé Àlàdé dé Àkúrẹ́, nínú ọkọ̀ gan-an, pẹ̀lú awakọ̀, kí wọ́n tó sanwó rẹ̀. Irin ara ọkọ̀ a máa dín ohùn kù. Eríà orí ọkọ̀ ṣe pàtàkì. Èkejì, kí wọ́n kọ àwọn ibi tí rédíò kì í ti í gbọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n fi ìkànnì tí ọkọ̀ méjì lè fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí òpó sínú gbogbo rédíò, kí wọ́n sì kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó. Ẹ̀kẹrin, bí awakọ̀ bá dákẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ wá a kiri. Kúẹ́rì kì í yọ ọkọ̀ nínú kòtò.

Ohun kan tún kù. Níbi tí rédíò bá ti ń fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òpó, ọ́fíìsì lè mọ abẹ́ òpó tí ọkọ̀ wà. Ó dára kí wọ́n fi wá wa nígbà ewu. Kò dára kí wọ́n fi máa ṣọ́ wa bí olè. Ẹ jẹ́ kí á kọ àdéhùn lórí rẹ̀, kí ẹgbẹ́ àti ilé-iṣẹ́ jọ fọwọ́ sí i.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tí rédíò rẹ̀ bá dákẹ́ lójú ọ̀nà, kí ó sọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ àti àkókò rẹ̀ fún akọ̀wé ẹ̀ka wa. Bí a bá kó wọn jọ, kò sí ọ̀gá tí yóò lè sọ pé irọ́ ni a ń pa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.